Sípíríìtì Tí Kò Dúró Nínú Ìgò

Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti kú, mi ò sì kọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan náà la jọ ń kọ́ni ní Arámọ̀kọ, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Físíìsì ni tèmi, kẹ́mísírì ni tirẹ̀. Láàbù kan ṣoṣo la ń lò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń dán ohun tí àwọn ọmọ yóò ṣe nínú ìdánwò wò: wọn yóò wá bí sípíríìtì ṣe wúwo tó sí omi. Ìgò kékeré kan la fi ń ṣe é, ihò tóóró gba àárín ìdérí rẹ̀ kọjá. A ó wọ̀n ọ́n lófìfo, a ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú omi, a ó wá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú sípíríìtì.

Ó ti wọn ti omi. Ti sípíríìtì ni kò gbà, iye rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ó nu ìgò, ó gbé e ka òṣùwọ̀n. Ó tún un ṣe, ó sì fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Bàbá Ìbejì, ẹ wá wò ó. Ìgò yìí ń mutí."

"Àbí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ló ń mu ún?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà ilé ẹlẹ́mu, èmi kọ́."

Mo wo ìdérí náà. Sípíríìtì ń yọ lẹ́nu ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi yìí kan náà ló máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé, "Ọrùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú! Ẹ má gbá a mọ́ra, kì í ṣe ọmọ yín!" torí ooru àtẹ́lẹwọ́ a máa mú ohun tó wà nínú ìgò wú. Ọrùn ìgò ló sì dì mú lóòótọ́.

"Àfi bí ẹni pé omi gbígbóná Ìkògòsì lo fi fọwọ́."

Mo gba ìgò náà. Ọwọ́ rẹ̀ kan tèmi, ó sì jó mi.

"Dìde, ká lọ sí ọsibítù."

"Ibà lásán ni. Ẹ jẹ́ n parí eléyìí. Ọ̀la ni ìdánwò."

Ó fi áńkáṣíìfù di ìgò mú, ó dúró títí ó fi tutù, ó wọ̀n ọ́n. Lẹ́ẹ̀kejì, kò yàtọ̀. Ìgbà náà ló tó wọ bàtà.

Ní Adó, dókítà ní kì í ṣe ibà, àti pé àìsàn náà ti pẹ́ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bi mí léraléra pé:

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ó gbà fún wọn?"

"Ó gbà fún wọn."

Mi ò mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà láti àárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, kò bi mí mọ́.