Ìgbà Tí Mo Lọ Tọrọ Ẹyin ní Ìfọ́n

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi gbéra ní Ìlobù. Ẹni tó bá gbọ́ bí mo ṣe ń dágbére fún ará ilé á rò pé òkè òkun ni mò ń lọ. Ìfọ́n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí mà ni. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, nítorí owó ọ̀kadà ti di ohun tí à ń jókòó rò kí a tó san.

Ẹyin ni mò ń wá lọ. Irun ọmọ-ọmọ mi, Àdùkẹ́, ń pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ nìkan kò tó, kó máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà. Ó rọrùn lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Òjò pẹ́ kó tó dé lọ́dún yìí, nígbà tó sì dé, ó dé tìbínú-tìbínú, ó gbá ẹ̀wà oko wa lọ. Ẹyin kan ṣoṣo ti di ọ̀ọ́dúnrún náírà. Lọ́nà, àgbàdo tó yẹ kó ti yọ ọmọ kò ga ju orúnkún mi lọ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Bísí, tí wọ́n ń sin adìẹ, ni mo lọ. Mo kúnlẹ̀, a kí ara wa tilé-toko. Wọ́n gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan wá, mo ní mo ti yó. Ní tiwa, àlejò kì í gba oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan. Á kọ̀, onílé á rọ̀ ọ́, á tún kọ̀, onílé á fẹ́ bínú, nígbà náà ni á tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi kò rọ̀ mí rárá. Kíá ni wọ́n da abọ́ dé e.

Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn di ẹyin díẹ̀ fún mi. Ẹnu mi tí ìwà ọmọlúàbí ti bà jẹ́ ló dáhùn pé kí wọ́n má ṣèyọnu. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ti ń jáde ní ìlú kí n tó rántí ẹsẹ̀ Àdùkẹ́. Inú bí mi sí ara mi gidigidi. Mo yí padà sọ́dọ̀ wọn, mo tún kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni mo pa. Ebi ń pa mí, ọmọ ò sì rí ẹyin jẹ nílé."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Èmi náà jẹ̀bi. Bí mo ṣe ń bi ọ́ yẹn, mò ń gbàdúrà kí o má gbà ni. Oúnjẹ adìẹ ti gbówó lórí, ooru ò sì jẹ́ kí wọ́n yé bíi ti tẹ́lẹ̀."

A pín ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà sí méjì, a jẹ ẹ́. Wọ́n kó ẹyin mẹ́fà sínú ike tí wọ́n tẹ́ ewé gbígbẹ sí.

Ọ̀sán ni mo wọlé. Ìyá Àdùkẹ́ se ẹyin kan, ó bó o fún un. Ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, ó tún na ọwọ́. Àdùkẹ́ kò tíì mọ bí a ṣe ń sọ pé a ti yó nígbà tí a kò yó. N kò sì ní í kọ́ ọ.