Ìràwọ̀ Tí Bàbá Mi Kò Rí Mọ́

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ní Ìgbàrà-Odò níbi tí wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé òkùnkùn máa ń bà wá lẹ́rù. Tí òjò bá ti dá, tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú ọ̀run, bàbá mi á tẹ́ ẹní síta lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, á ní kí n wá ka ìràwọ̀. Apá ìlà-oòrùn là ń wò. Agbo ìràwọ̀ kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fún mọ́ra bí òròmọdìyẹ lábẹ́ ìyá wọn. Adìyẹ Ọlọ́mọ ni bàbá mi ń pè é. Ìràwọ̀ pupa kan tẹ̀ lé e, ó ń ràn bí ẹyin iná. Tíṣà wa sọ fún wa pé akọ màlúù ni àwọn òyìnbó rí níbẹ̀, pé pupa yẹn ni ojú rẹ̀, pé àwọn òròmọdìyẹ wa sì wà ní èjìká rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. Àgbẹ̀ kòkó ni, kò kàwé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Bí mo bá ka mẹ́fà, òun á ka méje.

Lọ́dún kan, mo ṣàkíyèsí pé bàbá mi ti ń jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà. Iye tí mo bá pè ni òun náà á pè. Mo bá parọ́, mo ní, “Bàbá, mo rí méjìlá lónìí.”

Ó ní, “Òótọ́ ni, méjìlá ni.”

“Bàbá, mẹ́fà péré ni.”

 Ó fà mí mọ́ra. “Uràwọ̀ ò hàn sí mi mọ́, ọmọ mi. Ojú màlúù yẹn nìkan ló kù, òun náà ti ń ṣú. Má sọ fún yèyé rẹ o. Bí àbúrò mi bá gbọ́, á ní mi ò lè roko mọ́, á gba oko kòkó lọ́wọ́ wa.”

Mo gbà. Odindi ọdún kan ni mo fi ń mú un lọ sóko láàárọ̀ kí n tó lọ ilé ẹ̀kọ́, tí mo tún ń lọ mú un bọ̀. Èmi ni mò ń ṣíwájú, mò ń kọrin kí ó lè máa tẹ̀ lé ohùn mi. Yèyé mi rò pé oúnjẹ lásán ni mò ń bá a gbé.

Ọjọ́ kan ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Bàbá mi dá lọ sóko. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí igi tí a fi ṣe afárá odò, ó já sórí àpáta, apá rẹ̀ kan ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, ó jẹ́wọ́ pé òun ò rí igi náà. Yèyé mi yíjú sí mi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí.

“Ìwọ mọ̀?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò nà mí. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó káwọ́ lérí.

Dókítà ojú ní Adó sọ pé àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń jẹni létí odò ló kó àrùn náà sí i lára. Ó ní ká ní a ti mú un wá lọ́dún tó kọjá ni, ojú kan ì bá ṣẹ́kù.

Àbúrò bàbá mi sì dé láti Ìkẹ́rẹ́. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó sunkún bí ọmọdé: “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ sí mi?” Òun ló ń wá bá wa roko náà lọ́dọọdún, kò gba èso kòkó kan lọ́wọ́ wa.

Ayé ti yí padà. Lónìí, àwọn elétò ìlera ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á fi ọ̀pá díwọ̀n bí èèyàn ṣe ga tó, wọ́n á fún un ní oògùn àrùn ojú yẹn tó máa gbé mì, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá kọ̀ ọ́, mo máa ń bínú, wọn kì í sì í mọ ìdí tí omi fi ń bọ́ lójú mi. Títí bàbá mi fi jáde láyé, kò dá mi lẹ́bi rí. Ká ní ó dá mi lẹ́bi ni, bóyá ọkàn mi ì bá fúyẹ́.