Okùn Tí Mo Ta sí Àgbàlá Àlájà

Ọdún tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa ni mo padà sí Ṣakí, mo sì bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lórí àìsàn. Àlájà ni gbogbo ọjà ń pè é. Ó ti ń ta èlùbọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ibà àti ikọ́ ló dá a wó. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní àyà rẹ̀ kò lágbára, kí ó dá wà nínú yàrá títí ara rẹ̀ yóò fi yá, kí ẹnikẹ́ni má kó àrùn mìíràn wọlé bá a. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n dá àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni.

Àwọn obìnrin ọjà kò jẹ́ kí n sinmi. Lójú wọn, ẹ̀gàn ni kí ènìyàn wọn máa ṣàìsàn kí wọ́n má bẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀sìn sì ti ṣèlérí láádá fún ẹni tó bá ṣe é. Ìbòmú wọn wà ní àgbọ̀n, imú wọn wà níta.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kí wọn láti ìta."

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé láádá wa lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa ni?" ni aṣáájú wọn dá mi lóhùn. "Àbí o fẹ́ nìkan jogún wọn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gba orin tí àwọn ìyá ìyá wọn kọ nígbà ilẹ̀gbóná, àrùn ṣọ̀pọ̀ná, sílẹ̀, láti Àgọ́-Àrẹ títí dé Ìsẹ́yìn. Nígbà náà, wọn a ta màrìwò dí ọ̀nà ilé aláìsàn, wọn a dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọn a sì máa fi orin kí i. Aláìsàn a fi igi lu igbá láti inú yàrá, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó wà láàyè. Bí igbá kò bá dún, kìkì ẹni tí àrùn náà ti ṣe rí ló ń wọlé lọ wò ó. Mo ti ṣàlàyé èyí níwájú àwọn onímọ̀, gbogbo wọn ló mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà mo ta okùn sí àgbàlá dípò màrìwò, mo gbé abọ́ irin àti ṣíbí fún Àlájà, mo sì kọ́ àwọn obìnrin náà ní orin ìyá ìyá wọn.

Orin nìkan ni wọ́n gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ kìíní, wọ́n fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn okùn, èjìká kan èjìká, ọ̀kan ń wúkọ́ sí ọrùn ìkejì. Ṣíbí dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì wọ́n tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣàlàyé títí ohùn mi fi há pé àwọn àgbà kò ta màrìwò nítorí ẹwà. Aṣáájú wọn ní kí n dákẹ́, mo ń ba orin jẹ́.

Orin parí. A retí ṣíbí. Kò dún.

Wọ́n tún un kọ. Kò dún. Gbogbo wọn yíjú sí mi, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá àrùn yìí ti ṣe òun rí tí ó fi lè wọlé. Mo fa ìbòmú bo imú, mo sì lọ sẹ́nu fèrèsé.

Àlájà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fajú ro, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ kò dáhùn?"

"Ta ni kí n dá lóhùn?" Ó wúkọ́ díẹ̀. "Ariwo ni mò ń gbọ́. Mi ò mọ ẹni tó wá, mi ò mọ ẹni tí kò wá. Sọ fún wọn kí wọ́n tú ká, kí wọ́n máa gbé orin náà lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Kí n tó pa ẹnu dé, wọ́n ti tú ká: ọ̀kan sídìí máńgòrò, ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, aṣáájú wọn sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Àyè tó wà láàárín wọn ju èyí tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìtàn. Wọn kò ṣáà fẹ́ kí Àlájà rò pé àwọn kò wá. Inú bí mi, ọkàn mi sì balẹ̀.

Wọ́n ń gbé orin lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣíbí ń dáhùn. Nígbà tó kan ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ohùn Àlájà ló jáde.

"Ṣé ìwọ náà wá lánàá?"

Obìnrin náà wolẹ̀, ó ní òun kò wá.

"Mo ti fura," ni Àlájà wí. "Tún un kọ, kí o kọ ti àná mọ́ ọn."