Ojú Ewé Kọkànlélógójì tí Wàsílátù Tẹ̀

Bí obìnrin kan bá wà tó ka gbogbo kọ́ọ̀sì yunifásítì láì wọ ọgbà rẹ̀ rí, Wàsílátù ni. Ọmọ onílẹ̀ ni, ní Ìkòtún, fọ́ọ̀mù mẹ́ta ló sì kà tó fi lọ kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Èmi Festus, ará Ìlawẹ̀, ni mo ń di ìwé tó bá tẹ̀ tán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ọ̀nà Ìyànà-Ìbà ló ń gbé pírójẹ́ẹ̀tì wọn wá, ìyẹn ìwé ìwádìí tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ kí wọ́n tó gbàwé ẹ̀rí.

Àwọn atẹ̀wé tó kù ń tẹ̀ ni, Wàsílátù ń kà á. Lọ́sẹ̀ tó tẹ ti Sùọ́lọ́jì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹyin tí aáyán inú ṣọ́ọ̀bù mi lè yé fún mi. Lọ́sẹ̀ ti Kẹ́mísìrì, ó bu ẹnu àtẹ́ lu gọ́ọ̀mù ìdìwé tí mo ń sè. Ti Fìlọ́sọ́fì ló burú jù. Tàjùdíìnì ọkọ rẹ̀ sọ pé ibùdókọ̀ Pleasure lòun ti ń bọ̀, ìyàwó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ dájú pé òun dé ibẹ̀. Ọkùnrin náà wá bẹ̀ mí ní ọjọ́ kejì pé kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé irú ìwé yẹn wá mọ́.

Lọ́dún 1991, Gbóyèga gbé tirẹ̀ dé. Sosiọ́lọ́jì ló ń kà, ìwé rẹ̀ sì dá lórí bí àwọn ará Ìkòtún ṣe ń pín ilẹ̀ ẹbí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọgọ́fà ènìyàn lòun bi léèrè ọ̀rọ̀. Irọ́ gbuu ni. Orí bẹ́ǹṣì mi ló jókòó sí tó ń fúnra rẹ̀ dáhùn ìwé ìbéèrè tó yẹ kó pín fún wọn. Ó fi bíró búlúù dáhùn fún àwọn ọkùnrin, ó fi dúdú dáhùn fún àwọn obìnrin. Nígbà tó kan àwọn arúgbó, ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, kí ìkọ̀wé wọn lè máa gbọ̀n.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wàsílátù kò rẹ́rìn-ín. Gbóyèga ti kọ ọ́ pé obìnrin kì í ní ìpín nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìkòtún, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí a jókòó sí yẹn gan-an, ìpín ìyá Wàsílátù ni. Inú bí i. Ó yọ ọ̀rọ̀ Gbóyèga kúrò lójú ewé kọkànlélógójì, ó tẹ tirẹ̀ síbẹ̀: obìnrin tó gba ilẹ̀, ọdún tó gbà á, àti àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí. Gbóyèga kò yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà dì í, ó le dáadáa.

Dókítà Babárìndé, olùkọ́ tó yẹ iṣẹ́ náà wò, ní ojú ewé yẹn nìkan ni òun kò tíì bá pàdé nínú ìwé ẹlòmíràn. Ó bi Gbóyèga pé ta ló sọ ọ́ fún un. Gbóyèga ń wo ojú ewé náà bí ẹni tó bá àlejò lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá lọ́jọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún ọdún náà kà. Bàbá rẹ̀ ní Òkè-Odò sì ti ń pè é ní gíráàdúéètì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àǹtí, ẹ ti pa mí," ló wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Mo ṣẹ́jú sí Wàsílátù pé kó sẹ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ pé ó ń yí ọ̀rọ̀ oníbàárà padà, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ wá? Iṣẹ́ tèmi náà yóò bá a lọ, n kò fi bò. Wàsílátù kó ìwé ìbéèrè tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí lé Gbóyèga lọ́wọ́.

"Ìkòtún ò tóbi," ó ní. "Dìde, lọ bi wọ́n jàre."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Sàúdátù, màmá àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa, ni Gbóyèga ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí màmá bi í pọ̀ ju èyí tó bi màmá lọ: ọmọ ta ni, kí ló dé tí kò tíì gbéyàwó, ta ló gé irun fún un bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó bá wọn bó ẹ̀gúsí kó tó rí ìdáhùn kan gbà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó bi ogójì ènìyàn, bíró kan ṣoṣo ló sì lò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ bá Dókítà ní yunifásítì. Dókítà ka ti àwọn ogójì náà, ó mi orí, ó wá béèrè ẹni tó kọ ojú ewé kọkànlélógójì gan-an. Gbóyèga la ẹnu. Kó tó parọ́, Wàsílátù ti sọ̀rọ̀.

"Èmi ni, sà. Òun ò mọ̀. Irọ́ ló kọ síbẹ̀, ilẹ̀ màmá mi sì ni."

Ẹ̀rù bà mí dọ́ba. Dókítà ní kí Gbóyèga da ọgọ́fà náà nù, kó fi ogójì tún un kọ, yóò yege. Gbóyèga dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lẹ́yìn náà ni Dókítà yọ ìwé kan jáde, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ lórí àwọn ìdílé onílẹ̀ Alimọ́ṣọ́, agbègbè tí Ìkòtún wà. Ó bẹ Wàsílátù kó bá òun tẹ̀ ẹ́, kó má ṣá fi nǹkan kan kún un. Wàsílátù kúnlẹ̀, ó ṣèlérí.

Ní ọjọ́ kejì ó ki bébà bọ inú ẹ̀rọ. Ojú ewé kìíní lọ geere, ìkejì náà lọ. Ní ìkẹta, ẹ̀rọ dákẹ́.

"Bùọ̀dá Festus," ó ní, "ta ni bàbá yìí bi léèrè?"

Mo rán an létí ìlérí rẹ̀. Ó ní òun kò kúkú ní fi nǹkan kan kún un. Ó kó ìwé náà jọ padà, ó fi rán Gbóyèga sí Dókítà, pẹ̀lú ìbéèrè yẹn. A retí ìbínú títí, a ò rí i.

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà Babárìndé bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ìwé kékeré àti bíró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí wa. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ìjókòó má bàa gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí," ó ní, "ilé ta ni kí n kọ́kọ́ yà?"