"Sai wata rana" tí Mallam sọ lónìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lónìí.

Mallam Sani ló ń ṣe ojú bọ́tìnnì fún gbogbo àwa télọ̀ ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ní Tunga, ní Minna níbí. Bó bá ti ń ti ṣọ́ọ̀bù, "Sai gobe" ló máa ń sọ, ó di ọ̀la.

Lọ́sàn-án yìí, ó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Sai wata rana."

Ó dọjọ́ mìíràn kẹ̀?

"Mallam, ibo lẹ ń lọ?"

"Abuja. Ibẹ̀ ni gbogbo télọ̀ kó jọ sí. Bí mo bá ṣe tẹnìkan tán níbẹ̀, tẹlòmíì ti wà nílẹ̀. Níbí, mò ń jókòó ju bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ."

Mi ò lè bínú sí i. Nígbà tí mo dá wà ní Bosso, ṣẹ́ẹ̀tì kan ń gba odidi ọjọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mò ń gé e, èmi ni mò ń rán an, ọwọ́ ni mo fi ń ṣe ojú bọ́tìnnì. Tunga ni mo dé, tí àwọn mìíràn ń bá mi ṣe ìyókù, tí mo fi ń rán mẹ́rin lójúmọ́.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni Ìyá Bọ́lá, tó ń fi ẹ̀rọ wíìfìn di etí aṣọ wa kó má baà tú. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe ṣí, ó rọra bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń wá oníwíìfìn lọ́hùn-ún?"

Bí òun náà bá lọ, ṣẹ́ẹ̀tì kan lójúmọ́ ni mo tún padà sí nìyẹn.

Ará Minna, ẹ dákun, ta ló ti sọ "Sai wata rana" fún yín?