Orin Tí Àǹtí Mi Fi Ń Yí Jíà

Ẹni tó bá rí àbúrò ìyá mi nídìí ààrò kò ní gbà pé ohunkóhun wà láyé tó lè bà á lẹ́rù. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Á so aṣọ mọ́ ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ jà, á máa bá ìyẹ̀fun wí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Àmọ́ gbé e sídìí sítíárì, kí o wá wòran. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, ọ̀tún á di òsì, á dá ọkọ̀ dúró sáàárín títì, á sì máa bẹ ọkọ̀ pé kó jọ̀ọ́.

Èmi ni mo ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, sùúrù nìkan ni kò sí níbẹ̀. Mo ti kọ́ ọlọ́pàá, mo ti kọ́ àlùfáà, kò sí èyí tí n kò jágbe mọ́ nínú wọn. Àǹtí mi nìkan ni n kò lè jágbe mọ́, torí á rán mi létí pé òun ló ń wẹ̀ mí nígbà tí mo wà ní ìkókó, kò sì ní bìkítà ẹni tó wà níbẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá náà kú, Àǹtí mi gba awakọ̀ kan, awakọ̀ ọ̀hún sì ti ní òun ń lọ síbi tó sàn jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àǹtí mi ti ṣe ìdánwò ìwakọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló fìdí rẹmi. Ó ní bí òun bá tún fìdí rẹmi, òun á ta ọkọ̀ náà, òun á jókòó sílé, kí ẹni tó bá fẹ́ búrẹ́dì wá bá òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò dun òun. Ó dùn ún gan-an. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló fi ọ̀dà kun ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ilé búrẹ́dì kó tó parí iṣẹ́. Ó ń po ìyẹ̀fun, ó ń kọrin: “Ìyẹ̀fun le, omi ti dé o.” Ó dákẹ́, ara rẹ̀ ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó tó tún mú ìlà kejì.

“Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ń dákẹ́ láàárín?”

“Ibẹ̀ ni bàbá máa ń gbè é. Èmi á lé e, wọ́n á ní, ‘Á rọ̀, má kánjú.’ Mo kàn ń fi àyè wọn sílẹ̀ fún wọn ni.”

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó máa ń ṣe ségesège lórí sítíárì ń po ìyẹ̀fun wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Ẹ fọ ọwọ́ yín,” mo ní. “Orin yìí la máa fi wakọ̀.”

Ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí a fi wọkọ̀. Mo ní kó lé orin rẹ̀, tó bá di àyè bàbá, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó yí jíà. Ọkọ̀ gbéra láìta pọ́ún. A kọrin gba iwájú ilé ìwé, a kọrin yí oríta ká, òógùn ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ara tèmi náà balẹ̀. Mo ń kùn ún lábẹ́ ẹnu nígbà tí mo ń kọ́ ẹlòmíì, ọkùnrin náà sì bi mí bóyá ara mi kò yá ni.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọkọ̀ búrẹ́dì la gbé lọ. Ọ̀gá tó ń dán awakọ̀ wò jókòó síwájú, ojú rẹ̀ le bí ìpékeré. Wọ́n máa ń gbà kí olùkọ́ wà lẹ́yìn tó bá ti lè pa ẹnu mọ́, mo wá jókòó sáàárín pátákó búrẹ́dì. A kò tíì jáde ní géètì tí ọkọ̀ fi kú. Ọ̀gá kọ nǹkan sílẹ̀.

“Sà,” Àǹtí mi ní, “ṣé mo lè kọrin?”

Ọ̀gá yí ojú sí i. “Òfin kò sọ pé kí ẹ má kọrin, mà.”

Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ lóhùn jẹ́jẹ́. Àyè bàbá dé, ó yí jíà. A jáde ní géètì, a gba títì, ọkàn mi balẹ̀. A wá dé ẹsẹ̀ òkè. Ó lé orin, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi jíà láti bọ́ sílẹ̀ sí kejì. Ọ̀gá, tó kọjú sí fèrèsé, gbè é: “Á rọ̀, má kánjú.”

Ọwọ́ Àǹtí mi dúró sókè. Ẹ́ńjìnnì ń kérora, ọkọ̀ ń lọ́ra, ẹnì kan ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Mo ki ìka bọ ẹnu kí n má baà sọ̀rọ̀. Àǹtí mi fi èjìká nu omijé. Ó fetí sí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fa jíà sí kejì láìsí orin, ọkọ̀ sì gun òkè. Nígbà tó tún mú orin, ó gbé ohùn sókè. Ọ̀gá ń gbè é, Àǹtí mi sì ń yí jíà níbi tó bá ti wù ú.

Nígbà tí a padà dé, ọ̀gá ní, “Ẹ lọ́ra jù lórí òkè yẹn, mà.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Àmọ́ ọkọ̀ kò yọ̀ sẹ́yìn.” Ó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ pé ó yege. “Bàbá tó ń wa ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ máa ń kọ ègbè yẹn tí wọ́n bá ń já búrẹ́dì fún wa. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún kọ ọ́. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ń lé e fún wọn.”

Àǹtí mi fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iwájú ni mo jókòó sí nígbà tí a ń padà sílé. Ó lé orin, ó dé ibi àyè yẹn, ó dákẹ́. Ó wò mí.

“Ṣé ẹnu ń dùn ẹ́ ni?”

Mo gbè é. Ó ní ohùn mi dà bíi ti ẹni tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ jà, àmọ́ kí n máa gbè é lọ. Mo gbè é títí a fi délé.