Idiat Abọ́dẹrìn Yan Ìbọn

Ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta ni Abdulwasiu tò sórí tábìlì, ó ní kí Idiat yan ọ̀kan. Kò sí ọta nínú ìkankan wọn. Ó ti ṣí wọn wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé wọn kalẹ̀, ó sì tún ní kí Idiat ki ìka ara rẹ̀ bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè dá a lójú.

"Fara balẹ̀, àbúrò mi," ni ó wí. "Ṣe bí ẹni pé bàtà lo ń rà. Èyí tó bá ẹsẹ̀ mu là ń gbé, a kì í gbé èyí tó ń dán."

Èyí tó kéré jù ni ojú Idiat lọ sí. Ó wò ó pé ó máa wọ àkọ̀ dáadáa, kò sì ní wúwo nídìí òun láti àárọ̀ dalẹ́. Abdulwasiu rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣe sójà ní Nàìjíríà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì ti di ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń bá ilé iṣẹ́ kan gbé owó báńkì káàkiri Calgary. Kò sí irú ẹni tó kọ́kọ́ ń kọ́ ìbọn tí kò tíì rí.

"Gbogbo yín lẹ máa ń yan kékeré," ni ó wí. "Kékeré yẹn ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́ níyà. Kò wúwo tó láti gba agbára ọta, ọwọ́ rẹ ló máa gbà á. Tó bá dùn ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í dijú kí o tó yìn ín. Ẹni tó ń dijú yìnbọn, Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó máa bà."

Idiat gbé èyí tó tóbi. Orí ìka rẹ̀ nìkan ló kan ibi tí wọ́n ti ń fà á. Ó gbé e kalẹ̀, ó mú èyí tó wà láàárín, ọwọ́ rẹ̀ sì yí i ká bó ṣe yẹ. Abdulwasiu mi orí, ó ní ìyẹn ló ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Kí ẹnì kan má lọ gbọ́ èyí tán kó máa rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Canada nìyí o. Kò sẹ́ni tó ń fi ìbọn há ìdí lọ ra búrẹ́dì níbí, òfin kò gbà á. Àwọn díẹ̀ tí iṣẹ́ wọn mú un dání ni ìjọba ń fún níwèé, irú àwọn tó ń fi ọkọ̀ onírin gbé owó. Àwọn náà, bí iṣẹ́ bá ti parí, ọ́fíìsì ni ìbọn wọn ń sùn. Thursday ni ìdánwò Idiat. Bí ó bá yege, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá yege, kó padà sí ilé ìwòsàn ní Seton, níbi tó ti ń nu ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó sì ti búra pé òun ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ láéláé.

Ìdí tó fi búra, Muideen ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà kàn rí i lọ́jọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ dé ilé wọn ní Abbeydale, tó ní òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun fẹ́ di ẹ̀ṣọ́ owó. Ó wò ó títí.

"Ìwọ tó ń sá wọ yàrá tí àwọn ọmọ bá yin báńgà ọdún tuntun," ni Muideen wí, "ìwọ náà lo fẹ́ gbé ìbọn?"

Idiat ní owó rẹ̀ dáa ju ti ilẹ̀ nínù lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni òótọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí irú nǹkan yẹn bá tún ṣẹlẹ̀, ọwọ́ òun ni kí ìbọn ti wà. Kí òun má tún ní ẹni tí òun máa nà án sí. Mi ò lè sọ pé ọgbọ́n ni. Ẹni tí ẹ̀rù ti ń bá sùn bá jí, tẹ́ ẹ bá ń wá ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ń ṣe àṣejù.

Abdulwasiu ní kó na apá méjèèjì síwájú, kó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe ihò kékeré kan, kó wo aago ara ògiri láti inú ihò náà. Ó ní kó di ojú òsì. Aago náà pòórá. Ó ní kó ṣí i, kó di ti ọ̀tún. Aago náà padà wá.

"Ojú òsì lo fi ń ríran jù," ni ó wí. "Ọwọ́ wo lo fi ń ju òkò ní kékeré?"

"Ọ̀tún ni, ẹ̀gbọ́n."

"Irọ́ lo ń pa. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ẹ́. Òsì lo fi ṣílẹ̀kùn, òsì lo fi gbé tíì mu. Ìgbà tí mo bá na nǹkan sí ẹ nìkan ni ọ̀tún rẹ máa ń sáré yọ jáde."

Ta ni mo fẹ́ là á yé nínú yín? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọmọ tó bá fi òsì na nǹkan sí àgbà, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú, kì í ṣe òun. Ìyá Idiat kò sì fẹ́ èébú. Ó fi ẹ̀já aṣọ so ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ ìdí, ó fi ìgbálẹ̀ nà án, títí ọ̀tún fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà àti bí wọ́n ṣe ń fúnni.

"Níbí, kò sẹ́ni tó máa nà ẹ́," ni Abdulwasiu wí. "Òsì ni wàá fi yìn ín. Ó yá, gbé e fún mi, kí n yí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yọ ọta rẹ̀ sí ọwọ́ kejì fún ẹ."

Ló bá na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ tó là sílẹ̀ yẹn gan-an ni Idiat ti ń sá fún láti ọdún mọ́kànlá. Ó máa ń rí i nínú train bí ẹnì kan bá na ọwọ́ di irin mú. Ó máa ń rí i bí Nusaybah ọmọ rẹ̀ bá na ọwọ́ pé, "Mummy, can I have your phone?" Àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ilà rẹ̀ dúdú, ẹ̀jẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ìbọn náà sílẹ̀ sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde sínú snow láìwọ kóòtù.

Abdulwasiu bá a níta pẹ̀lú kóòtù náà. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó fi kóòtù bò ó léjìká, ó dúró tì í. Ibẹ̀ ni Idiat ti sọ ohun tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀ rí.

Nígbà tó ṣì ń ṣe kaṣíà ní báńkì kan ní ìlú kékeré kan lápá Ìkìrun, ọlọ́pàá kan wà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn, Sájẹ́ǹtì Akínrẹ̀mí. Ọmọlúàbí ènìyàn ni. Tí ẹ̀pà bá wà lápò rẹ̀, gbogbo wọn ló máa jẹ níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àwọn olè dé. Ìbọn àkọ́kọ́ tí wọ́n yìn ba sájẹ́ǹtì nítan, ó ṣubú, ìbọn tirẹ̀ sì yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ Idiat níbi tó dojúbolẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú wọn wọ́ Idiat jókòó, ó kọ ẹnu ìbọn sí iwájú orí rẹ̀, ó ní kó mú kọ́kọ́rọ́ ibi tí owó wà wá. Mánẹ́jà ló ní kọ́kọ́rọ́, mánẹ́jà kò sì sí nítòsí. Idiat ń bẹ̀ ẹ́, olè náà ń ka oókan, eéjì.

Ibẹ̀ ni sájẹ́ǹtì ti pariwo láti ilẹ̀ pé, "Idiat, gbé ìbọn mi fún mi." Ó na àtẹ́lẹwọ́.

"Ó wà lábẹ́ ọwọ́ òsì mi, ẹ̀gbọ́n," ni Idiat wí. "Ká ní mo fi òsì tì í báyìí ni, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbé e. Mo pa á dà sí ọ̀tún. Mo fi òsì di ìgbọ̀nwọ́ mú, bí wọ́n ṣe ń fún àgbà ní nǹkan. Mi ò tíì nà án tán tí wọ́n fi yìn ín lu bàbá náà láyà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì là sílẹ̀."

Ta ló ń rántí ẹ̀kọ́ ilé lábẹ́ ìbọn? Idiat rántí. Àwọn olè náà gbọ́ ariwo ọkọ̀ níta, wọ́n sá lọ, gbogbo ènìyàn sì ń bá a dúpẹ́ pé orí kó o yọ.

Ó rò pé òkun tí òun sọdá ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó wá di ọjọ́ kan ní Seton, ó ń nu ilẹ̀ kọ́rídọ̀, ó rí nọ́ọ̀sì kan tí orúkọ Morọ́láyọ̀ Akínrẹ̀mí wà láyà aṣọ rẹ̀, iwájú orí sájẹ́ǹtì sì wà lójú rẹ̀ ketekete. Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbọ́ báńkì tí Idiat ti ṣiṣẹ́, ó dì mọ́ ọn. Ó ní, "Aunty, ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Idiat ní rárá, òun gba leave lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni Morọ́láyọ̀ ti ń gbé oúnjẹ wá fún un níbi iṣẹ́ nítorí pé ó mọ bàbá òun. Idiat jẹ oúnjẹ náà fún oṣù mẹ́rin, ó sì sá kúrò.

Ẹ̀yin tó ń retí kí Abdulwasiu ní kò sí nǹkan, ẹ kò mọ ọ̀gbẹ́ni náà.

"Mi ò lè dá ẹ lẹ́bi, mi ò sì lè dá ẹ sílẹ̀," ni ó wí. "Ẹni tó ni òkú ló ni ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ìbọn lé ẹ lọ́wọ́ tí òkú bá ń bá ẹ dì í mú. Tó o bá ti rí ọmọbìnrin yẹn, kí o wá. Tí o ò bá rí i, má wá ní Thursday."

Ọ̀sán Wednesday ni Idiat wa ọkọ̀ lọ sí Redstone, níbi tí Morọ́láyọ̀ ń gbé. Àwọn ilé ibẹ̀ jọra wọn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló kọjá ilé tó ń wá. Morọ́láyọ̀ kò lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ṣílẹ̀kùn, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Aunty, ẹ kàn pòórá mọ́ mi lójú ni." Kó tó sọ ọ́ tán, Idiat ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín bàtà snow lẹ́nu ọ̀nà.

"Aunty, kí ló dé? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Tí mo bá dìde, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ nípa irọ́ leave, ó sọ nípa òsì àti ọ̀tún, ó sọ bí ọwọ́ bàbá náà ṣe ṣì là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e. Morọ́láyọ̀ kò sunkún. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ọwọ́ lé itan, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Idiat.

"Ìbọn Dádì lẹ gbé?"

"Òun ni."

"Aunty, kò sí ọta nínú ìbọn yẹn."

Idiat rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

"Oṣù méje ni ìjọba ò fi fún wọn ní ọta lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá wọn," ni Morọ́láyọ̀ wí. "Alaalẹ́ ló ń fi ṣẹ̀fẹ̀ fún Mọ́mì pé igi lásán lòun gbé lọ sí ibi iṣẹ́ lónìí. Gbogbo wa nílé la mọ̀."

"Ṣé ó gbàgbé ni? Bóyá ìrora ló jẹ́ kó gbàgbé."

"Dádì? Kò lè gbàgbé."

"Kí ló wá fẹ́ fi òfìfo ìbọn ṣe?" ni Idiat bèèrè. "Kí ló ń pariwo orúkọ mi sí? Kí ló dé tó na ọwọ́ sí mi?"

Morọ́láyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó wá jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kí Dádì tó pariwo, ta ni olè yẹn kọ ìbọn sí?"

"Èmi. Iwájú orí mi."

"Lẹ́yìn tó pariwo ńkọ́?"

Idiat fẹ́ dáhùn. Ó rí ẹnu ìbọn náà bó ṣe kúrò níwájú orí òun, tó yí lọ sí ilẹ̀ níbi tí ohùn náà ti wá. Ó ti rí i nígbà ẹgbẹ̀rún láti ọdún mọ́kànlá, ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló sì ń wò. Ó fi orí lé èjìká Morọ́láyọ̀, igbe tó ké kò jọ igbe àgbàlagbà. Ibẹ̀ ni ọmọ sájẹ́ǹtì náà ti wá sunkún tirẹ̀.

Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí Abdulwasiu tó gbọ́ ohùn Idiat lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá ìbọn padà sínú àpótí. Mi ò ní wá lọ́la, mi ò nílò rẹ̀ mọ́."

Abdulwasiu bi í bóyá ọmọ náà bú u, àbí ó ṣépè fún un.

"Rárá o," ni Idiat wí. "Ó sọ fún mi pé èmi ni bàbá òun kú fún."